Òjò Dídì, Glacier àti Omi Odò: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Padà Wá Léraléra

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbi kan. Èyí tó rọrùn ló wà lókè, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀, ẹ fò lọ síbi tó bá kàn yín.

Kí ni glacier gan-an, kí ló fi yàtọ̀ sí òjò dídì lásán?

Òjò dídì, ìyẹn snow, máa ń bọ́ nígbà òtútù, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló sì máa yọ́ kí ìgbà ooru tó parí. Àmọ́ lókè téńté, níbi tí òtútù ò ti jẹ́ kó yọ́ tán, tọdún yìí á gorí tèṣí, tàmọ́dún á tún gorí tọdún yìí, wọ́n á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn á fi fún jáde, tí gbogbo ẹ̀ á di yìnyín tó le koránkorán. Tí yìnyín yẹn bá wá nípọn débi pé ìwúwo ara ẹ̀ ń tì í sọ̀ kalẹ̀ lára òkè, ó ti di glacier nìyẹn. Ó ń rìn o, ó kàn ń rìn jẹ́jẹ́ débi pé ẹ ò lè fojú lásán rí i ni.

Glacier tó wà láyé lé ní 200,000, láìtíì ka yìnyín ràgàjì tó bo Greenland àti Antarctica mọ́ ọn.

Kí ló kan odò nínú ọ̀rọ̀ yìnyín orí òkè?

Ọ̀pọ̀ odò ńlá, orí òkè ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí omi. Òkè tí òjò dídì bò dà bíi kóló: ìgbà òtútù ló ń gba owó sínú, nígbà tí oko ò nílò omi rárá, ìgbà ooru ló ń tú u jáde, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tí irúgbìn ń wá omi kiri. Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣí i, oòrùn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Òjò dídì ni ìfipamọ́ oṣù mélòó kan, èyí tó bọ́ ní December lè di omi odò ní May tàbí June. Glacier ní tiẹ̀ jẹ́ ìfipamọ́ ọdún gbọọrọ, ó wúlò jù lọ́dún tí ọ̀dá bá mú, torí pé ọdún tí òjò ò rọ̀ tí oòrùn ń ran yẹn gan-an ló máa ń yọ́ jù.

Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ojú ewé yìí, ẹ mú èyí: iye omi nìkan kọ́ ni wàhálà, àsìkò tí omi ń dé ni.

Ṣé òótọ́ ni pé yìnyín ń dín kù, àbí ariwo oníròyìn ni?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láti 2000 sí 2023, àwọn glacier ayé pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 273 tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dọọdún, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pawọ́ pọ̀ ṣe tí wọ́n gbé jáde ní 2025 ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó lọ ní ìdajì kejì àsìkò yẹn fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìdajì àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ni pé ó ń yára sí i ni.

Nínú gbogbo yìnyín tó wà nínú wọn ní 2000, bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ. Ẹnìkan lè ní ìyẹn ò pọ̀, àmọ́ kò pín dọ́gba rárá, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù bíi ìdá 39 ló ti lọ. Switzerland nìkan pàdánù ìdá 10 láàárín ọdún méjì péré, 2022 àti 2023, ọdún méjì o!

Àwọn kan ti kú pátá. Chacaltaya ní Bòlífíà, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣeré yíyọ̀ lórí òjò dídì tẹ́lẹ̀, ti tán láti 2009. Ok ní Iceland, 2014 ni wọ́n kéde pé kì í ṣe glacier mọ́, wọ́n wá lọ lẹ àmì ìrántí mọ́ òkúta níbẹ̀ ní 2019 bí ẹni ń sìnkú. Fẹnẹsúélà ní glacier bíi mẹ́fà tẹ́lẹ̀, èyí tó kù gbẹ̀yìn, Humboldt, ti kéré débi pé ní 2024 wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára glacier.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ta ló gun òkè lọ kà á?

Wọ́n ń gùn ún lóòótọ́. Wọ́n á lu ihò sínú yìnyín, wọ́n á ki ọ̀pá gígùn bọ inú ẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú yìnyín dọ́gba, wọ́n á lọ. Tí wọ́n bá padà dé nígbà tí ooru ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n bá ọ̀pá tó ti yọ mítà mẹ́ta síta, yìnyín mítà mẹ́ta ló yọ́ lójú ibẹ̀ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn kankan nínú ẹ̀. Lórí Storglaciären ní Sweden, àárín ọdún 1940 síwájú ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ti òjò dídì, páìpù ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀ títí tó fi kan ilẹ̀, wọ́n á fà á yọ pẹ̀lú òjò dídì tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Ìwúwo ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gíga, torí òjò dídì tuntun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 omi tó bá yọ́, àmọ́ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó ti ki lè gbé omi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò òkè funfun ò fi sọ nǹkan púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó.

Sátẹ́láìtì ló ń bá wọn wo ibi tẹ́sẹ̀ ò dé. Láti 2002 ni sátẹ́láìtì méjì kan tí wọ́n ń pè ní GRACE ti ń fò tẹ̀ lé ara wọn, bí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe wúwo sí ló ń fa ọ̀kan sún mọ́ èkejì tàbí jìnnà sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé yìnyín dín kù. Iṣẹ́ àwọn méjì yẹn parí ní 2017, àwọn arọ́pò wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2018.

Ayé gbóná sí i ní dígírì kan àti díẹ̀ péré, kí nìyẹn lè ṣe fún òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀?

Ó lè ṣe púpọ̀, torí pé yìnyín ò mọ díẹ̀díẹ̀, òdo dígírì ni ààlà ẹ̀. Níbi tó jẹ́ òtútù dígírì 15 nísàlẹ̀ òdo, ẹ fi dígírì kan kún un, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Àmọ́ níbi tó rọ̀gbà yí òdo ká, dígírì kan yẹn ló máa pinnu bóyá nǹkan tó ń bọ́ lókè máa jẹ́ òjò dídì tó máa dúró títí di May, àbí òjò tó máa ṣàn lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fún dígírì kan tí ayé bá fi gbóná sí i, ibi tí òjò dídì ti ń bẹ̀rẹ̀ lára òkè á sún sókè ní nǹkan bíi 150 mítà. Òkè sì máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lókè lọ, ẹ wo bí ilẹ̀ tó ń bọ́ lọ́wọ́ òjò dídì ṣe máa pọ̀ tó.

Nǹkan mìíràn tó tún wà níbẹ̀ ni àwọ̀. Òjò dídì tuntun ń dá ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè. Tó bá ti yọ́ tó ku ilẹ̀ dúdú tàbí yìnyín ìdọ̀tí, ilẹ̀ yẹn á máa mu oòrùn sára, á gbóná, á tún yọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ara ẹ̀ ló ń bá ara ẹ̀ ṣe é.

Ibì kan wà tí òjò dídì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìyẹn ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀?

Rárá o. Ẹ wo California. Ní April 1, 2015, gómìnà bá àwọn tó ń wọn òjò dídì lọ sí Phillips Station lórí òkè Sierra Nevada, orí koríko gbígbẹ ni wọ́n dúró sí níbi tó yẹ kí òjò dídì wà, gbogbo èyí tó wà lórí òkè ìpínlẹ̀ yẹn ò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó wà lọ. Ní 2023, ní ìbẹ̀rẹ̀ April náà, ó ju ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ lọ, òrùlé ilé wó mọ́ àwọn èèyàn lórí. Ibì kan náà, ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín.

Afẹ́fẹ́ tó gbóná lè gbé ọ̀rinrin sí i, bíi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kọ̀ọ̀kan, torí náà tí ìjì bá wá tí òtútù ṣì tó, òjò dídì á bọ́ gan-an. Ọdún kan ò lè fi gbogbo ẹ̀ hàn yín, ẹ wo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, òjò dídì ìbẹ̀rẹ̀ April ti dín ní nǹkan bí ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ọdún tó pọ̀ rẹpẹtẹ yẹn sì wà nínú ìṣirò náà.

Tí yìnyín bá ń yọ́, ṣebí omi odò á máa pọ̀ sí i ni? Kí ló wá burú níbẹ̀?

Èyí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, ó sì yẹ kó dà wọ́n láàmú torí ìdajì òótọ́ ni. Ó máa kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Glacier tó ń kú ń tú omi ju èyí tí ara ẹ̀ le lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa jayé, oko á máa gbòòrò sí i, wọ́n á tún kọ́ dáàmù tuntun lé e lórí. Lẹ́yìn náà, yìnyín ọ̀hún á kéré débi pé bí oòrùn ṣe wù kó mú tó, kò ní nǹkan púpọ̀ tó lè tú jáde mọ́, omi ìgbà ooru á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kò sì ní padà sókè mọ́ lójú ayé àwa tá a wà níbí.

Nínú odò ńlá 56 tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀ níbi tí omi glacier ti ń wọ odò, iṣẹ́ tó jáde ní 2018 sọ pé nǹkan bí ìdajì wọn ti kọjá ibi tó ga jù yẹn. Àwọn tí glacier wọn kéré ló kọ́kọ́ ń kọjá ẹ̀, àwọn tí yìnyín wọn ṣì nípọn lórí Himalaya, àwọn òkè gíga ní Éṣíà, ṣì ń gòkè lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àsìkò tí omi pọ̀ yẹn làwọn èèyàn ń fi ṣe ètò ọjọ́ iwájú.

Tó bá jẹ́ pé òjò ló ń rọ̀ dípò òjò dídì, ṣebí omi kan náà ni?

Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú odò, rárá. Òjò tó rọ̀ ní January ò dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti ṣàn lọ sókun kí àgbẹ̀ tó jí. Òjò dídì tí ì bá di omi ní June ti wá ń yọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, odò á kún nígbà tí kò pọn dandan, á sì gbẹ nígbà tí ojú ń pọ́n ẹja àti àgbẹ̀. Omi tó kù nínú odò lóṣù August á tún gbóná sí i, ẹja bíi salmon tó fẹ́ omi tútù ò sì lè fara da ìyẹn pẹ́.

Ẹ tún fi èyí kún un: tí òjò dídì bá tètè lọ, ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ á pẹ́ lábẹ́ oòrùn, igi àti koríko á máa mu omi, oòrùn á máa fà á lọ sókè, nítorí náà iye omi tó dé inú odò gan-an á dín. Ti odò Colorado ní Amẹ́ríkà, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn ń lo omi ẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣírò ẹ̀ pé dígírì kan tí ibẹ̀ bá fi gbóná sí i ń gé bíi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú omi tó ń ṣàn, bí òjò ò tiẹ̀ dín rárá.

Tí òjò gbígbóná bá wá rọ̀ lé òjò dídì tó ti wà nílẹ̀ lórí, méjèèjì á jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn omíyalé tó le jù lórí òkè sábà máa ń wá láti ibẹ̀.

Odò wo ni ọ̀rọ̀ yìí máa dùn jù?

Indus ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbà kọjá ní Pakísítánì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, òjò ibẹ̀ kéré, omi tó ń yọ́ lórí òkè Karakoram, Hindu Kush àti Himalaya ló ń gbé oko ibẹ̀ ró. Àwọn odò Amu Darya àti Syr Darya ní àárín gbùngbùn Éṣíà náà wà níbẹ̀, ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lókè àtàwọn tó wà nísàlẹ̀ ò sì fìgbà kan gbọ́ra yé dáadáa lórí omi yẹn.

Lórí àwọn òkè Andes, Pẹrú ló ni nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn glacier ilẹ̀ olóoru tó wà láyé. Odò Santa tó ń ṣàn láti Cordillera Blanca bomi rin oko lẹ́bàá òkun níbi tí òjò kì í sábà rọ̀, omi ẹ̀rùn ẹ̀ sì ti wà lára àwọn tó ti ń wálẹ̀.

Lápapọ̀, odò ńlá mẹ́wàá ló ṣẹ̀ wá láti Hindu Kush àti Himalaya, nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 èèyàn ń gbé lórí àwọn òkè yẹn, bílíọ̀nù 1.65 sì ń gbé nísàlẹ̀ wọn.

Ṣé odò Ganges ní Íńdíà máa gbẹ nígbà tí yìnyín bá tán?

Rárá. Òjò ìgbà ooru, èyí tí wọ́n ń pè ní monsoon, ló ń kún Ganges jù, ipa glacier nínú ẹ̀ kéré bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tó máa ti hàn ni orísun lókè, àti àwọn oṣù ẹ̀rùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo odò Éṣíà máa gbẹ táútáú ń bù mọ́ ọn, ó sì ń ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́.

Ṣé ìwé kan ò sọ nígbà kan pé Himalaya máa tán ní 2035?

Ó sọ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe sì ni. Inú ìròyìn ìgbìmọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé, IPCC, ti 2007 ló wà, ní January 2010 àwọn fúnra wọn jáde wá sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ẹ̀rí tó dáa lẹ́yìn. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń fi jó títí dòní. Yìnyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò lè tán láàárín ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá ti rí bó ṣe nípọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí táwọn onímọ̀ agbègbè yẹn sọ ní 2019 ló yẹ kẹ́ ẹ dì mú: bí wọ́n bá tiẹ̀ dá ooru ayé dúró sí dígírì 1.5, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín Hindu Kush àti Himalaya máa lọ kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Èyí ò nílò kẹ́nikẹ́ni bù mọ́ ọn.

Mo gbọ́ pé glacier kan wà tó ń pọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, lórí òkè Karakoram. Fún bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ nínú wọn níbẹ̀ ò dín, àwọn mélòó kan tiẹ̀ nípọn sí i. Òjò dídì ìgbà òtútù ló pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìgbà ooru lọ, àwọn glacier ibẹ̀ sì ga púpọ̀, ọ̀pọ̀ ni òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ bò lórí tí oòrùn ò fi ráyè wọlé. Àmọ́ nínú ìwọ̀n àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti ń jọ pé àwọn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Áfíríkà ní glacier?

Ó ní, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tán. Kilimanjaro ní Tàǹsáníà, òkè Kenya, àti Rwenzori tó wà láàárín Ùgáńdà àti Kóńgò. Láti 1912 sí 2007, Kilimanjaro pàdánù nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí yìnyín bò lórí ẹ̀. UNESCO sọ ní 2022 pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ti lọ tó bá fi máa di 2050.

Ti Kilimanjaro ní kókó tiẹ̀. Lókè yẹn ní mítà 5,895, òtútù ibẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà kì í ṣe yíyọ́ lásán ló ń pa á, àìrí òjò dídì tó pọ̀ tó ni, àti oòrùn tó ń sọ yìnyín di atẹ́gùn tààràtà láìjẹ́ kó di omi rárá. Omi táwọn èèyàn ìsàlẹ̀ òkè náà ń lò, òjò tó ń rọ̀ sínú igbó ara òkè ló ń fún wọn ju yìnyín lọ.

Kí ni ti adágún omi tó ń bú lórí òkè?

Bí glacier bá ń fà sẹ́yìn, ó máa ń fi kòtò sílẹ̀ níwájú ara ẹ̀, òkìtì òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó ti tì síwájú tẹ́lẹ̀ á dí ẹnu ibẹ̀, omi á kún inú ẹ̀. Ògiri tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ni, kò sí símẹ́ńtì kankan níbẹ̀. Tí yìnyín tàbí òkúta ńlá bá já lu adágún ọ̀hún, ìgbì á ru bo orí ògiri, ògiri á ya, gbogbo omi á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti òkúta tó tó ilé.

Ní December 1941, adágún Palcacocha bú lé ìlú Huaraz lórí ní Pẹrú, àwọn tó kú, ìṣirò kan ní bíi 1,800, àwọn mìíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Adágún yẹn ti kún padà, páìpù ni wọ́n fi ń fa omi ẹ̀ kó má bàa ga jù. Ní October 2023, ti South Lhonak ní Sikkim, Íńdíà, bú, ó sì gbá dáàmù Teesta III tó ga tó 60 mítà lọ láàárín òru. Ìwádìí tó jáde ní 2023 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 èèyàn ló ń gbé níbi tí irú ẹ̀ lè dé, èyí tó ju ìdajì wọn lọ sì wà ní Íńdíà, Pakísítánì, Pẹrú àti Ṣáínà.

Gbogbo òkè tó bá wó báyìí, ṣé ìyípadà ojú ọjọ́ náà ni?

Ẹ má yára. Ní May 28, 2025, glacier Birch já lulẹ̀ bo èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé Blatten ní Switzerland. Àwọn olùṣọ́ òkè ti rí i pé òkúta ń ya lulẹ̀ sórí yìnyín náà, wọ́n kó nǹkan bíi 300 èèyàn kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹnìkan ṣoṣo ló bá a lọ. Kí ló fa òkúta yẹn? Òkè ti máa ń ya láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àmọ́ yìnyín tó wà nínú pàlàpálá òkúta lókè yẹn máa ń di àpáta mú pọ̀, tó bá sì ti ń yọ́, àpáta á túra sílẹ̀. Nítorí náà àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé ooru lọ́wọ́ nínú ẹ̀, wọn kì í sọ pé òun nìkan ni. Èmi náà fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn.

Ṣé dáàmù ò lè rọ́pò yìnyín?

Díẹ̀. Ó lè gba omi January kó sì fi pamọ́ di June. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dáàmù kan náà ni wọ́n fẹ́ kó gba omíyalé, ẹni tó bá ń ṣọ́ omíyalé gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú dáàmù nígbà òtútù, ẹni tó bá ń tọ́jú omi fẹ́ kó kún. Tẹ́lẹ̀, òjò dídì ló ń bá wọn yanjú ìjà yẹn torí ó ń dúró lórí òkè fúnra ẹ̀. Ní February 2017, nígbà tí òjò rọ̀ gan-an ní California, ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ní dáàmù Oroville bàjẹ́, wọ́n ní kí nǹkan bíi 188,000 èèyàn sá kúrò nílé.

Ẹ tún rántí pé dáàmù ń kún fún ẹrẹ̀, òkè tí yìnyín ẹ̀ ń fà sẹ́yìn sì ń tú ẹrẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀.

Mo rí i tí wọ́n ń fi aṣọ funfun bo glacier. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Lábẹ́ aṣọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí glacier Rhône ní Switzerland, wọ́n fi bo ihò yìnyín táwọn àrìnrìn-àjò ń sanwó wọ̀, ó sì dín yíyọ́ kù níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kékeré kan nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rówó ra aṣọ bo gbogbo òkè, aṣọ ọ̀hún tiẹ̀ ń gbó, ó ń já dà sínú odò.

Èyí tó wù mí jù ni òkìtì yìnyín tí ẹnjiníà kan, Sonam Wangchuk, bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ní Ladakh, agbègbè olókè gíga kan ní Íńdíà. Páìpù ló ń gbé omi láti òkè wá sísàlẹ̀ nígbà òtútù, láìlo ẹ̀rọ, á tú sókè lóru bí ẹni ń fọ́n ọn, á dì kó tó balẹ̀, á máa ga sókè bí òkìtì onírorí ṣóńṣó. Bó ṣe rí ṣóńṣó yẹn ni oòrùn ò fi rí ibi púpọ̀ mú lára ẹ̀, ó ń dúró di April tàbí May nígbà táwọn àgbẹ̀ ń gbin nǹkan tí odò ò tíì dé. Kò gba glacier kankan là o, àsìkò omi nìkan ló ń bá wọn tún ṣe.

Ṣé yìnyín orí òkè ló ń mú òkun ga sókè?

Ó wà lára ẹ̀. Láti 2000 sí 2023, ó fi nǹkan bíi mìlímítà 18 kún òkun. Tí gbogbo glacier orí òkè bá yọ́ tán, ó máa tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, nígbà tí Greenland nìkan ní nǹkan bíi mítà 7 nínú, Antarctica sì ní bíi 58. Torí náà fún ẹni tó ń bẹ̀rù òkun, ìyẹn ni kó máa wò. Fún ẹni tó ń mu omi odò, orí òkè ni.

Tí gbogbo ayé bá dá èéfín dúró lónìí, ṣé yìnyín á padà?

Kò ní padà, kò tiẹ̀ ní dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Glacier lọ́ra, yìnyín tó wà nísàlẹ̀ báyìí ń san gbèsè ooru ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ìṣirò tó jáde ní 2025 sọ pé bí ooru ayé bá dúró síbi tó wà yìí, bíi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín tó wà ní 2020 ṣì máa lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó máa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Tó bá gòkè dé dígírì 2.7, ìdá 76 ni.

Ibi táwọn kan máa ń ṣi èyí gbọ́ nìyí, wọ́n á ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò sóhun tá a lè ṣe. Ẹ wo àárín 39 sí 76 dáadáa. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì kò tíì lọ, ìdá mẹ́wàá dígírì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dín kù ń fi yìnyín gidi sílẹ̀ lórí òkè. Òjò dídì ní tiẹ̀ ò sì ní gbèsè kankan nílẹ̀, ọdún tí ooru bá dúró náà ni dídín kù tirẹ̀ máa dúró, ọdún kan á pọ̀, òmíràn á kéré, àmọ́ kò ní máa wálẹ̀ mọ́.